Ohun Tí Mo Bá Nínú Ẹ́ńjìnnì Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n, olówó orí Màmá,

Ẹ kú àtijọ́ o. Mo ti jókòó, mo ti dìde, mo tún ti jókòó kí n tó lè kọ ìlà yìí. Mo lọ wo ọkọ̀ lábẹ́ páànù, mo padà wọlé. Mo bu omi, mi ò mu ún. Ẹ mọ bí mo ṣe máa ń ṣe tí ọ̀rọ̀ bá há mi lọ́rùn. Kì í ṣe lásán lẹ fi máa ń pè mí ní Aláìjókòó.

Iṣẹ́ ni mo wá jẹ́ fún yín. Láàárín ẹ̀yin mẹkáníìkì àgbà ní Láfẹ́nwá, òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀: ẹ́ńjìnnì tí ẹnìkan bá fọwọ́ ara rẹ̀ dì, ẹlòmíràn kì í ṣàdédé tú u. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ bá onítọ̀hún, kó sọ fún un. Tó bá sì tú u tán, ó gbọ́dọ̀ padà lọ ròyìn ohun tó bá níbẹ̀, ìbáà ṣe rere, ìbáà ṣe búburú. Mo ti tú ẹ́ńjìnnì yín, Bàbá. Mo sọ fún yín kí n tó tú u. Ìròyìn ló kù, òun ni mo sì ń sá fún láti ọjọ́ Jímọ̀.

Ọkọ̀ yín náà ni, èyí tó rẹlẹ̀ mọ́lẹ̀, onílẹ̀kùn méjì, tí ẹ rà bí àlòkù irin lọ́wọ́ ẹnìkan ní Ìbarà, tí ẹ kùn ní àwọ̀ ìyeyè, tí Màmá ń pè ní orogún àwọn. Ìbátan mọ́tò tí gbogbo ayé ń pè ní Ìjàpá ni, àmọ́ eré ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, kò ní rádíétọ̀, kò mọ ohun tó ń jẹ́ omi. Atẹ́gùn àti ọ́ìlì nìkan ló ń tù ú. Tí ọ́ìlì ò bá ti fi agbára dé ibi tó yẹ kó dé, àwọn irin inú rẹ̀ á máa ha ara wọn títí ẹ́ńjìnnì á fi nọ́ọ̀kì. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, mi ò sì mọ ìdí tí mo fi ń ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Mo kàn ń fà á gùn ni.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo gbé Màmá lọ kí àbúrò wọn ní Itori. Àlọ dára. Ní àbọ̀, oòrùn ti mú, a sì ti sáré díẹ̀ láti Wáásinmi, torí Màmá fẹ́ràn kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí wọn lójú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìta Ọ̀ṣìn, iná pupa kékeré tó ń sọ̀rọ̀ ọ́ìlì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, iná kú. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó tún tàn. Mo pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀.

“Orogún mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn,” ni Màmá wí. “Ó rí i pé èmi ni mo jókòó síwájú.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sọ̀kalẹ̀. Ọlọ́kadà kan gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, ó sì pariwo pé, “Àǹtí, ẹ gbé mọ́tò yín kúrò lójú títì jàre!” A tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, a sì ní kí bọ́ọ̀sì kan fi okùn wọ́ ọ dé ṣọ́ọ̀bù wa.

Ẹ ò bá rí àwọn onímọ̀ràn lọ́jọ́ kejì! Ọ̀kan ní kí n da ọ́ìlì tó ki sí i, pé ẹ́ńjìnnì arúgbó kì í fẹ́ ọ́ìlì tó ṣàn. Ríwáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa mú píláyà jáde. “Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n gé wáyà yẹn fún yín,” ló wí. “Iná ló ń dà yín láàmú, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì.” Ká ní ẹ wà níbẹ̀ ni, bàtà yín ì bá ti bá a lẹ́yìn. Èmi náà lé e dànù, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, torí mo ti sọ̀rọ̀ sí i ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo tẹ̀ lé ọ̀nà yín, láti ìta wá sí inú. Mo fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ọ́ìlì pé. Mo gbóòórùn rẹ̀, mo fi ìka nù ún, kò sí òórùn bẹntiróòlù nínú rẹ̀. Mo yọ súìṣì tó ń tan iná pupa yẹn, mo fi tuntun sí i, iná tún tàn. Mo wá lọ yá géèjì tí wọ́n fi ń wọn agbára ọ́ìlì lọ́wọ́ Bàbá Sùràjù, ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà, tí ṣọ́ọ̀bù wọn kọjú sí tiwa. Mo yọ súìṣì, mo sì de géèjì mọ́ ojú ihò rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, abẹ́rẹ́ géèjì gòkè dáadáa. Mo jẹ́ kó gbóná, mo ń wò ó, abẹ́rẹ́ ń wálẹ̀, ó ń wálẹ̀, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàdúrà sí pọ́ọ̀gù tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ibi tí irin kékeré àti sípíríǹgì tó ń dá ọ́ìlì dúró wà. Mo ní kó jẹ́ pé ìdọ̀tí ló há a. Mo yọ ọ́, mo fọ̀ ọ́, irin yẹn ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ bó ṣe yẹ. Mo tú pọ́ǹpù ọ́ìlì. Nǹkan kan ò ṣe pọ́ǹpù. Bí mo ṣe ń rí i pé ohun kan dára ni ọkàn mi túbọ̀ ń bàjẹ́, torí gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù, inú lọ́hùn-ún ló wà, ẹ̀yin lẹ sì fọwọ́ ara yín tò wọ́n. Ẹ̀rù bà mí, Bàbá. Kì í ṣe ẹ̀rù pé ọkọ̀ á bàjẹ́. Ẹ̀rù pé màá bá àṣìṣe yín níbẹ̀ ni.

Mo rántí ọjọ́ tí ẹ dì í. Òjò ń rọ̀. Ẹ rán mi lọ sí Òbàntokò láti lọ wo bọ́ọ̀sì oníbàárà kan tó lè dúró dọjọ́ kejì. Mo bẹ̀ yín pé kí n dúró, ẹ kọ̀. Nígbà tí mo fi máa dé, ẹ ti dì í tán. Ẹ ń fi sípánà yí i, ẹ dúró, ẹ tún yí i, ẹ tún dúró. Lẹ́yìn náà ẹ mú àkísà, ẹ ń nu ọwọ́ yín bí ẹ ṣe máa ń ṣe, láti ọmọńdinrín wá sí àtàǹpàkò, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ nù ún pẹ́ lọ́jọ́ náà. Kí lẹ ń rò?

Mo lọ sọ fún Bàbá Sùràjù pé ó kan títú, mo sì fẹ́ kí wọ́n ràn mí lọ́wọ́.

“Ṣé o ti sọ fún un?” ni wọ́n bi mí.

“Ta ni, sà?”

“Ẹni tó dì í.”

“Bàbá, wọ́n ti kú.”

“Ṣé mi ò sí níbi ìsìnkú ni? Lọ sọ fún un.”

Bí mo ṣe gun ọ̀kadà lọ sí abúlé wa lẹ́yìn Òṣíẹ̀lẹ̀ nìyẹn. Mo dúró níbi ẹsẹ̀ sàárè yín bí ẹni tó wá tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá. Ewúrẹ́ kan ń jẹko lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí yín, mo lé e, kò lọ. Mo ní, “Bàbá, mo fẹ́ tú ẹ́ńjìnnì o.” Ìyá àgbà kan tó ru igi bọ̀ láti oko dúró, wọ́n ní, “Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?” Mo ní bàbá mi ni, mà. “Ẹ̀n-ẹ́n,” ni wọ́n wí, “bá mi kí wọn.” Wọ́n sì bá tiwọn lọ. Wọ́n kí yín o.

A sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Nígbà tí mo là á sí méjì, tí mo gbé ìlàjì rẹ̀ sókè, mi ò ní láti wá ohunkóhun. Bẹ́ríǹ tó gbé kíráńkì, ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, dúró láàárín ti ha, ó ń dán bí irin tí wọ́n fi yanrìn bó. Mo yọ ọ́, mo yí i padà. Ẹ rántí ìṣó kékeré tó yọ orí nínú ilé bẹ́ríǹ, tí ihò ẹ̀yìn bẹ́ríǹ gbọ́dọ̀ wọ̀. Ihò náà ò bá ìṣó pàdé. Ìṣó ti gún bẹ́ríǹ lẹ́yìn, ó ti tì í wú síwájú, gbogbo ọ́ìlì tó yẹ kó gbé kíráńkì sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sá lọ.

Ìlà yín wà lára bẹ́ríǹ yẹn. Ìlà tí ẹ kọ́ mi láti fi ṣóńṣó irin ha sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí èèyàn lè mọ ibi tí ihò wà nígbà tí ojú ò bá rí i mọ́. Ìlà yín máa ń tín-ín-rín bí irun ni. Èyí nípọn. Ẹ ha á, ẹ tún un ha, ẹ tún un ha títí ó fi jìn. Síbẹ̀ ẹ ò rí i. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọ́ìlì, mo sì sunkún.

Bàbá Sùràjù gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n fi àtàǹpàkò pa á lẹ́yìn níbi tí ìṣó ti gún un, wọ́n sì fi í sápò.

“Ó ti gbó ni,” ni wọ́n wí.

“Bàbá, ẹ́ńjìnnì yìí ò tíì rìn dé ibi tí bẹ́ríǹ ti ń gbó.”

“Mo ní ó ti gbó. Ẹni tó bá bi ọ́, ohun tí wàá sọ fún un nìyẹn.”

Nígbà tí mo délé, Màmá ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n bi mí ohun tí a rí, mo ní ó ti gbó ni, mà. Ọwọ́ wọn dúró nínú àwo.

“Ojú wọn ni, àbí?”

Mo jókòó tì wọ́n, mo bá wọn ṣa ẹ̀wà.

“Tọ̀tún ti lọ pátápátá,” ni wọ́n wí. “Tòsì tó kù, bí ẹni ń wo inú èéfín ni. Èmi ni mo máa ń ka orúkọ ẹni tó bá pè wọ́n lórí fóònù. Wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí o mọ̀.”

Mo jáde síta. Inú ń bí mi sí yín, Bàbá, ó ṣì ń bí mi báyìí tí mo ń kọ ọ́. Nísinsìnyí ni gbogbo rẹ̀ tó yé mi. Ẹ ní orúnkún ló ń dùn yín tí ẹ fi jáwọ́ nínú wíwa ọkọ̀. Ẹ máa ń ní kí n ka nọ́ńbà ara páàtì fún yín, mo sì rò pé ẹ ń dán mi wò ni, mo máa ń kà á sókè bí ọmọ ilé ìwé. Kí ló dé tí ẹ fi gba ojú mi fún nọ́ńbà, tí ẹ ò gbà á fún èyí? Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ fún mi pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbà ò wọ kèrègbè. Ṣé ìtìjú ni? Ṣé ẹ rò pé ọ̀wọ̀ yín á dín kù lójú mi ni? Nígbà tí ẹ ń yí i tó ń le, ṣé ẹ mọ̀? Tí ẹ bá mọ̀, kí ló dé tí ẹ fi jẹ́ kí n lọ wẹ̀, kí n jẹun, kí n sùn?

Mo rí bẹ́ríǹ tuntun, mo fi pépà tí wọ́n fi ń dán irin nu kíráńkì títí ó fi jọ̀lọ̀. Mo ha ìlà tèmi. Mo gbé e jókòó, mo gbọ́ tó dún kẹ́ lórí ìṣó. Kí n tó bò ó, mo pe Bàbá Sùràjù.

“Ẹ bá mi wò ó, sà.”

“Ṣé o ò rí i ni?”

“Mo rí i. Ẹ ṣáà bá mi wò ó.”

Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n wò ó, wọ́n fi ìka kan án, wọ́n ní ó ti jókòó. Ìgbà yẹn ni mo tó dì í.

Lánàá ni mo wà á dé Ìta Ọ̀ṣìn nínú oòrùn ọ̀sán, mo dúró sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yẹn gan-an, mo sì jẹ́ kó gbóná dáadáa. Mo padà wá sí ṣọ́ọ̀bù, mo jẹ́ kó máa dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìtẹ̀ ẹ́. Abẹ́rẹ́ géèjì dúró gbọin-in. Iná ò tàn. Ríwáyà pàtẹ́wọ́, Bàbá Sùràjù ń dá nìkan rẹ́rìn-ín músẹ́. Inú mi dùn débi pé mi ò ronú, mo kàn yíjú sí ibi tí àga yín máa ń wà, mo sì pariwo, “Bàbá, ẹ wá wò ó!”

Ẹ́ńjìnnì yín nìkan ló ń dún.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín gan-an, tí inú ṣì ń bí díẹ̀.