Ìyá Mi, Òtútù Kò Pa Mọ́tò Wa

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ìdí ààrò, ẹ kú èéfín ojú. Mo kí Bàbá mi, awakọ̀ ojú omi tí gbogbo ìlú wa, Zion Pepe, máa ń dá ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ̀ kí ọkọ̀ tó yọ. Mo kí Àǹtí mi ní Ayétòrò, tí òkun lé kúrò nínú ilé kan bọ́ sínú òmíràn, síbẹ̀ tí kò fi ìlú sílẹ̀. Mo kí Táyọ̀ àbúrò mi náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an ni mo ní ẹjọ́ láti bá rò. Ara èmi àti Délé ọkọ mi le dáadáa, ọmọ inú mi náà kò yé tàpá.

Ìyá mi, Táyọ̀ ló pè mí pé ẹ ní ẹ kò wá bá mi gbé ọmọ mọ́. Físà yín ti jáde. Aṣọ òtútù yín ti wà lórí ìkọ́ ní yàrá tí a tọ́jú dè yín. Mo bi í pé kí ló dé, ó ń fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Nígbà tó yá ló jẹ́wọ́ pé òun ló ròyìn ní èbúté, lójú gbogbo ayé, pé níbi tí mo wà ní Kánádà, òtútù máa ń pa mọ́tò, àfi kí wọ́n fi iná mànàmáná yá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kó tó lè jí. Ó ní ẹ gbọ́ ọ, ẹ yí ẹja tó wà lórí ààrò sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ sì ní, "Bí irin bá ń yáná kó tó dìde, kí ni kí egungun tèmi ṣe? Méè lọ mọ́."

Èbúté lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, èbúté náà ni kí èsì dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí ní gbangba. Kí Táyọ̀ kà á sókè, kó má sì fo ibi tí mo ti bú u.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ o. Òtútù ibí kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́. Tí ẹ bá sá aṣọ síta, á dúró gbagidi bí pákó. Lọ́dún tí a kọ́kọ́ dé, a ra mọ́tò àlòkù kan nítorí iṣẹ́ mi. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń fún wọn lóúnjẹ, mo sì ń gbọ́ ìtàn kan náà lẹ́nu wọn lójoojúmọ́. Ẹni tó bá wọn sùn mọ́jú kò lè lọ sílé àfi tí mo bá dé. Wáyà kan yọ níwájú mọ́tò náà, ó ní orí tí wọ́n ń ki bọ ojú iná, bíi ti wáyà fáànù. Délé ní ẹni tó ta mọ́tò fún wa ló gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ó ká a, ó dì í mọ́ inú.

Ẹ̀yin náà mọ bí Bàbá ṣe ń kẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Tó bá ti dé, á tú u kúrò lẹ́yìn ọkọ̀, á gbé e léjìká wọlé, á sì faṣọ bò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tẹ́ ọmọ sùn. Èmi ọmọ rẹ̀ rò pé ọgbọ́n yẹn tó mi lò. A kò lè gbé mọ́tò wọlé, torí náà, nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú, mo mú bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn jù nílé, mo fi bo bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tílẹ̀ mọ́, bùláńkẹ́ẹ̀tì ti gan bíi páálí. Délé yí kọ́kọ́rọ́ títí, mọ́tò kàn ń kérora. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sunkún. Kì í ṣe mọ́tò ló pa mí lẹ́kún. Ní odò tiwa, tí ẹ́ńjìnnì ẹni bá kọ̀, ẹni náà á ké, ọlọ́kọ̀ mìíràn á sì ju okùn sí i. Mo wo òpópónà náà síwá sẹ́yìn, n kò mọ orúkọ ẹnì kan tí mo lè ké pè.

Ìyá àgbà kan tó ń gbé nílé kejì ló jáde. Ó wo bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó wo èmi náà, ó bi mí bóyá ibà ló ń ṣe mọ́tò. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé bùláńkẹ́ẹ̀tì kì í dá ooru sílẹ̀, èyí tó bá bá lára ló ń pa mọ́, irin tó ti tutù kò sì ní ooru kankan lára. Ó ní kí a fa wáyà tí Délé dì yẹn jáde. Nínú ẹ́ńjìnnì, irin kékeré kan wà nídìí wáyà ọ̀hún tó ń gbóná bíi ti kẹ́tù oníná. Tí a bá ki orí wáyà bọ ojú iná tó wà lára ògiri níta, á mú kí ara ẹ́ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ mọ bí epo pupa ṣe ń dì nínú ìgò nígbà ọyẹ́, tí ẹ ó dojú ìgò délẹ̀ tí kò ní ṣàn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì mọ́tò ń ṣe níbí. Ẹ gbé ìgò epo sínú omi gbígbóná, á yọ́. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Táyọ̀, kò sí òkú kankan tí wọ́n ń jí.

Ìyá àgbà yẹn ló fi mọ́tò tirẹ̀ gbé mi lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. A ti di ọ̀rẹ́ báyìí. Mo máa ń gbé ọbẹ̀ lọ fún un. Ata á máa fa omijé lójú rẹ̀, kò sì ní gbé ṣíbí sílẹ̀. A ti ra aago kékeré kan tó ń tan iná náà fúnra rẹ̀ ní ìdájí, kí owó iná má baà pa wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí Táyọ̀ kò gbọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe yí kọ́kọ́rọ́ báyìí ni mọ́tò jí, inú mi dùn, mo wà á lọ. Mo gbọ́ "fàà" lẹ́yìn mi. Wáyà ṣì wà lójú iná! Èmi ọmọ Ìlàjẹ, ọmọ awakọ̀, tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé ká tú okùn kí ọkọ̀ tó ṣí. Ẹ ní kí Bàbá má rẹ́rìn-ín jù.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn, Ìyá mi. Iṣẹ́ ń lọ, mọ́tò ń jí, ilé wa sì móoru débi pé síńgíléètì ni Délé ń wọ̀ kiri. Ẹ̀yin tí ẹ ti sun ẹja nínú ìjì, tí òkun ń halẹ̀ mọ́ yín lọ́dọọdún, ta ló ní òtútù le jù yín lọ?

N kò ní purọ́ fún yín. Nọ́ọ̀sì wà níbí, ìyá àgbà sì ti ní òun á bá mi ṣọ́ ọmọ. Mo lè bímọ láìsí yín, kó sì jẹ́ tọwọ́-tẹsẹ̀. Àmọ́ láti ọjọ́ tí mo ti dé, kò sí ẹni tó fi ohùn Ìlàjẹ wa pè mí ní "ọma mi". Ọmọ Ìbàdàn ni Délé. Ó gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo ní kó jọ̀ọ́ fi sílẹ̀. Mo fẹ́ kí ọmọ yìí gbọ́ ọ lẹ́nu yín, kí ọwọ́ yín sì wà lára rẹ̀ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Èmi náà fẹ́ wà nítòsí, kí n gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Olúwa á dá ẹ̀mí yín sí. Omi kò ní gbé Bàbá lọ, ire ni wọn yóò máa bá lọ, ire ni wọn yóò máa bá bọ̀. Òkun á dákẹ́ fún Àǹtí mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àti gbogbo ẹni tó bá jókòó gbọ́ lẹ́tà yìí. Táyọ̀, tí o bá ti kà á tán, dìde, bá Ìyá di ẹrù wọn.

Èmi ni ọmọ yín,
Ẹ̀bùn