Omi Orí Bẹ́ẹ̀dì Nínú Ilé Onítáyà

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé ọmọ inú rẹ ń ju ẹsẹ̀ bó ṣe yẹ? Ọlọ́run tó sọ̀ mí lálàáfíà nígbà tìrẹ yóò sọ ìwọ náà, wẹ́rẹ́ lewé ń bọ́ lára igi, a óò gbóhùn ìyá, a óò gbóhùn ọmọ. Ilé dùn. Adìẹ mi tó sọnù ti padà wá fúnra rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í níbi tó lọ.

Ọ̀rọ̀ tí bàbá yín fi ránṣẹ́ sí ọ, pé orúnkún ń dun àwọn, pé a ò ní lè wá bá ọ tọ́jú ọmọ mọ́, jọ̀ọ́ má tẹ̀ lé e. Kò sóhun tó ṣe orúnkún wọn. Omi ló fà á.

Ìwọ náà ṣáà mọ̀ pé nígbà tí o ní yàrá kan péré lẹ ní, bàbá yín ní àwọn ò ní lọ há mọ́ àna lọ́rùn, pé ojú á ti káfíńtà tó bá ń wá ibi sùn kiri. Ni wọ́n bá kan ilé onítáyà, yàrá onípákó tí mọ́tò á máa fà lẹ́yìn, ó ní bẹ́ẹ̀dì, ó ní fèrèsé, àmọ́ inú rẹ̀ móoru bí ààrò. Ìwọ náà bá fi ẹ̀rọ amúlétutù ránṣẹ́, ooru ayé ò ní bá ọ jà.

Ọ̀gá Tútù tó ń tún fíríìjì ṣe ládùúgbò wa ní kí wọ́n jẹ́ kó dagun díẹ̀ síta tí wọ́n bá ń gbé e sára ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì. Bàbá yín ní látìgbà tí àwọn ti ń di ayùn mú, ohun tó wọ́ ò jáde lọ́wọ́ àwọn rí, ṣé ọjọ́ ogbó ló kù kí àwọn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ ohun tó wọ́ lé e, ó gún régé. Wọ́n tún rí ihò kékeré kan nísàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tó yọ síta, wọ́n ní àwọn tó ṣe é ló gbàgbé láti dí i, wọ́n fi igi àti gọ́ọ̀mù bá wọn dí i lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní wọ́n ṣeun.

A ní ká máa sùn níbẹ̀ ká fi dánra wò. Ohun tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ ní nọ́ńbà kan lójú, mẹ́rìnlélógún, mo rò pé iye èèyàn tó wà nínú yàrá ló fẹ́ mọ̀, àwa méjì la sì wà níbẹ̀, n ò fẹ́ purọ́ fún un, mo ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ó dé mẹ́rìndínlógún ó kọ̀. Otútù mú wa débi pé eyín bàbá yín ń gbọ̀n. Mo ní ẹ̀rọ olówó nìyẹn, àlejò wọn máa ń pọ̀.

Ilẹ̀ mọ́, fóòmù tutù rinrin láàárín èmi àti bàbá yín. Mo yẹ ara mi wò, èmi kọ́. Mo ní ogbó ti dé, ọkọ mi ti ń tọ̀ọ́lé. Mo sá fóòmù sóòrùn, mo ní eruku ni mò ń gbọ̀n, mo sì ń fi ọgbọ́n gba omi mímu lọ́wọ́ wọn lálẹ́. N ò mọ̀ pé ní tiwọn, èmi ni wọ́n rò pé ó ń ṣe. Wọ́n ti gé rọ́bà tẹ́ sábẹ́ ibi tí mò ń sùn, wọ́n ní kòkòrò ni àwọn fi ń lé. Nígbà tó yá, wọ́n fi ọ̀rọ̀ orúnkún ránṣẹ́ sí ọ, kí àna wa má baà rí mi. Èmi náà tètè gbà, kó má baà rí wọn. Mo sunkún ní kíṣìnì, torí ó ń wù mí kí n gbé ọmọ rẹ.

Àfi bí Ọ̀gá Tútù ṣe yà kí wa, tó rí fóòmù lóòrùn. Ó wọlé, ó fọwọ́ kan ògiri, ó jáde lọ yọ igi bàbá yín kúrò nínú ihò, omi sì dà sí i láyà. Ó ní ẹ̀rọ náà ló ń ṣe omi, ihò yẹn ló fi ń tu ú dànù, a dí i, a ò jẹ́ kó dagun, ibo ni kó gbà bí kò ṣe orí bẹ́ẹ̀dì. Èmi ò tíì mọ ẹni tó ń bu omi sí i. Bàbá yín wò mí, wọ́n ní ṣé kì í ṣe èmi ni. Mo ní ṣé kì í ṣe àwọn ni. A rẹ́rìn-ín títí Ọ̀gá Tútù fi gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Wọ́n ti gbé e dagun báyìí, wọ́n sì ta kọ́tìnì sí i kí káfíńtà ẹgbẹ́ wọn má rí i. A ń bọ̀. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí a ra rọ́bà gígùn tí omi á máa gbà, kó má lọ máa kán sẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò yín, kí a sì fún onímọ́tò tó máa fà wá. Sọ ìhà tí ojú títì yín dagun sí fún wa, ká mọ ibi tí a óò kọjú sí, kí omi má tún padà sórí bẹ́ẹ̀dì.

Bẹ́ẹ̀dì ti gbẹ, ṣùgbọ́n bàbá yín ò ká rọ́bà yẹn kúrò lábẹ́ mi. Wọ́n ní kó ṣì wà níbẹ̀, pé lọ́jọ́ tó bá wá jẹ́ èmi ni lóòótọ́, kí n má dààmú. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìwọ àti ọkọ rẹ bára yín gbó bẹ́ẹ̀.

Èmi ni,
Màmá rẹ.