Àpótí Mẹ́fà Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Pín

Èmi, Hashim Àlàmú Ògúnmọ́lá, atún-rédíò-ṣe ní Fọlá Àgoro, Ṣómólú, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ni mo ń sọ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi nǹkan ìní mi ṣe lẹ́yìn ikú mi. Làákàyè mi pé. Ẹni tó bá ní mo ti ń ṣe rànrán, kí ó wá tún rédíò kan ṣe lójú mi kí a wò ó. Ìyáàfin Ìbíyẹmí Adéjìmí, agbẹjọ́rò, ni kí ó mú ìwé yìí ṣẹ.

1. Ilé mi ní Bàrígà di ti ìyàwó mi, Sàwúdátù. Ẹni tó bá lé e jáde kò ní rí ire. Ọdún méjìdínlógójì ló fi fara da èéfín òjé tí mò ń yọ́ lórí tábìlì oúnjẹ. Mo fẹ́ràn rẹ̀. N kò sọ ọ́ tó.

2. Kí Mahmood, àkọ́bí mi, kó àgbò méjèèjì àti àwọn adìẹ. Ohun tó ṣeé jẹ ló mọ̀ ọ́n tọ́jú.

3. Ó wá ku ẹ̀rọ orin mi, tó ń fi iná mànàmáná lu ìlù tó sì ń kọ orin. Àpótí mẹ́fà ni, wáyà ló so wọ́n pọ̀. Inú òkú tẹlifíṣọ̀n ni mo ti ṣa ẹ̀yà rẹ̀ nígbà tí ìjọba ológun ìṣáájú ti ilẹ̀kùn mọ́ ọjà òkèèrè. Àpótí kìíní ni aago: òun ló ń ka ìlù, àwọn márùn-ún yòókù ń tẹ̀ lé e.

Mo gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ: ọmọ mẹ́fà, àpótí mẹ́fà, kí oníkálukú mú ọ̀kan kí ìjà má baà wà. Ṣé ẹran iléyá ni? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí ẹ bá tú u ká, ẹ ti pa á nìyẹn. Waliyat, àbíkẹ́yìn mi, ni mo fún ní gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú mítà tí mo fi ń wọn iná àti irin ìyọ́jé mi. Ẹ ní obìnrin ni. Ta ni nínú ẹ̀yin ọkùnrin tó mọ èwo ni àpótí kìíní?

4. Mùtíù, àbúrò mi, ni yóò jẹ́ olórí ẹbí lẹ́yìn mi, òun ni yóò jókòó pín ogún. Òun gan-an ni mò ń bá wí. Ní ọdún 1981, níbi ìdánrawò ẹgbẹ́ olórin wa ní Obaníkòró, ó ń lu ìlù jáàsì tẹ̀lé ẹ̀rọ mi, ó dédé fi ọ̀pá ìlù sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ó ní ẹ̀rọ mi ń fà sẹ́yìn. Mo ní ọwọ́ rẹ̀ ló ń sáré. Nígbà tó na aago ọwọ́ rẹ̀ sí mi, mo ní iná NẸ́PÀ ló lọ sílẹ̀. A kò jẹun pọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

5. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Waliyat so ẹ̀rọ náà mọ́ bátìrì ọkọ̀ kí n má baà rí NẸ́PÀ di ẹ̀bi rù. Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí rédíò lu aago méjìlá ọ̀sán, ó kà á títí tó fi lu aago kan. Ìlù kan fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé ẹgbẹ̀ta ìlù ló yẹ kí ó pé. Ó dín mọ́kànlá. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí àpótí kìíní bá ti gbóná, ó ń fà sẹ́yìn. Ó yọ ẹ̀yà kan tí èmi fúnra mi lẹ̀ mọ́ ọn, ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Lánàá, ìlù kan ṣoṣo kò sọnù. Sójà mú gbogbo Èkó tò lórí ìlà. Ọmọ mi mú iná mànàmáná tò.

Nítorí náà, Mùtíù, ìwọ lo sọ òótọ́. N kò sọ ọ́ lójú rẹ, n kò sì ní sọ ọ́ láyé mi. Mo kọ ọ́ síbí kí wọ́n lè kà á fún ọ níwájú gbogbo ẹbí. Gba ẹ̀tọ́ rẹ, kí o sì mú ọwọ́ rẹ kúrò lára àpótí ọmọ mi.

Mo fi ọwọ́ ara mi sí i ní Ṣómólú, ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹwàá, ọdún 1984.

H. À. Ògúnmọ́lá

Ó ṣojú wa:
Beatrice Ṣówándé, tíṣà, Akọka
Ràsákì Gbádébọ̀, atẹ̀wé, Ṣómólú