Máàkì Méjì Tí Mo Fún Baba Àgbáyé

Ilé Kejìdínlógún,
Òpópónà Ìrẹ̀lẹ̀,
Ajégúnlẹ̀, Àpápá,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kọkànlá, ọdún 2026.
Òjò wínníwínní ní òwúrọ̀. Oòrùn ganrínganrín láti ọ̀sán.

Yínúsà, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà Pólì,

Mo kí ọ, mo kí ilé, mo kí gbogbo agboolé yín. Ṣé orúnkún tí ó ń dà ọ́ láàmú ti gbọ́ oògùn? Ìyàwó rẹ, Kaothar, àti àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ọyẹ́ ti ń yọjú sí yín ní Ṣakí? Ní ti àwa níhìn-ín, a dúpẹ́. Ara Ṣìkẹ́mi ìyàwó mi le, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi bẹ́ẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Wẹ́sìdeè. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ nìyẹn, nítorí ìwé tí mo máa ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sí kò lè dá mi lóhùn.

O mọ̀ pé n kì í sọ ẹni tí n ó dìbò fún. Láti ọdún mẹ́tàlélógún tí mo ti gbé Ṣìkẹ́mi níyàwó, kò tíì mọ ẹgbẹ́ tí mo ń tẹ̀ka fún. Bí iyàn òṣèlú bá bẹ́ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì wa ní Wharf Road, ìwé ẹrù tí ó wà níwájú mi ni mo máa ń kọjú sí. Èmi yìí náà ni rédíò pe orúkọ mi kí gbogbo Èkó gbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ rédíò kan kó fọ́ọ̀mù wá fún àwa ajẹ́ǹtì tí a ń bá oníbàárà gba ẹrù jáde ní èbúté. Wọ́n ní àwa tí ọkọ̀ òkun ń ti gbogbo ayé wá bá ni ó yẹ kí a mọ olùdíje tí yóò lè bá ilẹ̀ òkèèrè lò bí ó bá di Ààrẹ. Olùdíje mẹ́ta ni, máàkì mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ẹni tí ó fún wọn sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀.

Kí n má parọ́, n kò mọ̀ pé ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà díwọ̀n irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pọ̀ tó èyí tí mo gbọ́. Ebere, tí ó ń tẹ ìwé fún wa, ní ẹni tí ó bá lè mú kí wọ́n máa fún wa ní físà láìjẹ́ pé a lọ tò láti ìdájí ni Ààrẹ tòun. Ẹsẹ̀ ni Monday, olórí àwọn tí ń já ẹrù, ń wò ní tirẹ̀: olùdíje tí kò bá di irin àtẹ̀gùn mú bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù, ó ní irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kò ní gbọ̀n níwájú òyìnbó. Ṣùgbọ́n àwọn onítẹlifíṣàn ni ó borí gbogbo wọn. Olùdíje tí àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ ń pè ní Baba Àgbáyé lọ bọ Ààrẹ orílẹ̀-èdè kan lọ́wọ́. Odidi ìdajì wákàtí ni àwọn onímọ̀ méjì fi ń na igi sí àwòrán náà, tí wọ́n ń jiyàn lórí ọwọ́ ẹni tí ó wà lókè. Kò sí ẹni tí ó béèrè ohun tí àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ.

Baba Àgbáyé yìí ni gbogbo ọ́fíìsì fẹ́ràn, pàápàá Edwin, ọ̀gá wa. Ìwọ náà ti bá wa ṣiṣẹ́ rí, o sì mọ àṣà ibẹ̀: ọjà tí ènìyàn bá fẹ́ kí ó tètè jáde, iye kékeré ni yóò kọ sí i lára, nítorí ẹni tí ó bá kọ iye ńlá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe aṣọ́bodè. N kò sọ pé àṣà náà dára. Bí ó ṣe rí ni mo ń sọ. Bí Edwin ti rí fọ́ọ̀mù náà, ó dìde dúró.

“Ẹ má fún Baba ní mẹ́sàn-án o! Bí ẹ bá kọ mẹ́sàn-án, wọn á ní ó ti rọ́ nǹkan sí wa lápò, wọn á wá máa tú u wò látòkè délẹ̀. Ẹ kọ méjì, make e pass jẹ́jẹ́.”

Ebere béèrè pé, “Ọ̀gá, Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn tí ó ń bá Baba díje, tí a ò fẹ́ ńkọ́?”

“Kọ mẹ́sàn-án ààbọ̀ sí i lára. Kí wọ́n lọ tú tiẹ̀ wò!”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Edwin kọ méjì, Monday kọ méjì. Ebere kọ ẹyọ kan ààbọ̀, ó ní ìfẹ́ tòun ju ti ọ̀gá lọ. Obìnrin tí ó ṣìkẹta àwọn olùdíje gba márùn-ún, nítorí pé kò sí ẹni tí ó kórìíra rẹ̀.

Ní Wẹ́sìdeè, rédíò kéde pé àwọn ará èbúté ti kọ Baba Àgbáyé ní ti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n fọwọ́ sí. Ìwé ìròyìn gbé e. Onímọ̀ kan tún ṣàlàyé pé èrò tó jinlẹ̀ lórí òwò pẹ̀lú ilẹ̀ Éṣíà ni ó wà nídìí ẹyọ kan ààbọ̀ náà. Ebere ní òun kò mọ̀ pé òun jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ka orúkọ wa: “Ọ̀gbẹ́ni Adékànmí Ṣówándé, méjì.”

Wàyí o, o rántí pé Fọláyọ̀ ọmọ mi ni Obinna fẹ́ fẹ́. Sátidé tí ń bọ̀ ni ètò mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Chukwudi, bàbá Obinna, tí ó ń ta ẹ̀yà ẹ̀ńjìnnì ní Ìjọrà, ni olórí ìpolongo Baba Àgbáyé ní Ajégúnlẹ̀. Kí n tó pa rédíò, ó ti pè mí.

“Oga Adékànmí, two? Two! Who you come give the remaining eight?”

Ó ní àwọn ènìyàn òun kò ní fẹsẹ̀ kan ilé mi títí n ó fi ṣàlàyé ara mi. Fọláyọ̀ kò jẹun dáadáa láti ọjọ́ náà.

Ní Tọ́sìdeè, Edwin lọ bá a ní ìsọ̀ rẹ̀, ó ṣàlàyé àṣà iye kékeré. Chukwudi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé orí ẹ̀ńjìnnì tí epo ṣì ń jò lára rẹ̀. Ó dárí ji gbogbo ọ́fíìsì. Ó ní kí n ṣáà wá ní ọjọ́ Mọ́ńdè, kí n fi ẹnu ara mi sọ pé àṣà náà ni èmi náà tẹ̀lé, òun yóò pe akọ̀ròyìn rédíò náà kí ó wá gbà á sílẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń yọ̀. Fọláyọ̀ wá bá mi, ó ní, “Dádì, gbólóhùn kan péré ni.”

Yínúsà, ibi tí ó ti há nìyí: méjì tèmi kì í ṣe méjì tiwọn. Mo ka ìwé ètò Baba Àgbáyé nípa ilẹ̀ òkèèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù lọ́wọ́. Ojú ewé méjìdínláàádọ́ta. Ọ̀kànlélọ́gbọ̀n nínú wọn jẹ́ àwòrán ibi tí ó ti ń bọ ènìyàn lọ́wọ́. Ní ti ibodè àwa àti Bẹ̀nẹ̀, gbólóhùn kan ni mo rí: “A óò bójú tó o.” Mo fún un ní máàkì kan nítorí pé àwòrán náà mọ́lẹ̀, mo fún un ní ìkejì nítorí pé ó kọ orúkọ gbogbo orílẹ̀-èdè bó ti tọ́. N kò rí ibi tí n ó ti mú ẹ̀kẹta.

Mo gbìyànjú láti kọ́ gbólóhùn tí wọ́n ń fẹ́ náà níwájú dígí. Ṣìkẹ́mi gbọ́, ó béèrè ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀, mo sì jẹ́wọ́ pé méjì tèmi kì í ṣe ti àṣà. Ó ní, “Bàbá Fọláyọ̀, ṣé iye tí ó wà nínú yín gan-an nìyẹn? Kò lè di márùn-ún, nítorí ọmọ?” Mo ní bí ó bá pọ̀ jù, mẹ́ta. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

Bá mi kí Kaothar àti àwọn ọmọ. Kí ìyá wa fún mi, kí wọ́n máa rántí wa nínú àdúrà. Edwin ní kí n kí ọ, ó ní àga rẹ ṣì wà ní ọ́fíìsì.

Ohun tí mo ti pinnu nìyí. N kò tíì sọ ọ́ fún Ṣìkẹ́mi tàbí Fọláyọ̀. Lọ́la, lẹ́yìn tí Chukwudi bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, n ó lọ sí ilé rẹ̀ lémi nìkan, kí akọ̀ròyìn tó dé. Ẹ̀ńjìnnì tirẹ̀ ni ó jókòó sí Sẹ̀mẹ̀ fún oṣù mẹ́rin nígbà tí ibodè wà ní títì, nítorí náà n ó ṣí ojú ewé ibodè fún un, n ó sì bi í léèrè pé, òun tí ó jẹ́ oníṣòwò, mélòó ni ì bá fún un. Bí ó bá bínú, kí ó bínú. N ó sọ fún un pé méjì ni mo fún Baba Àgbáyé, n kò sì ní yí i padà. Ṣùgbọ́n Obinna ọmọ rẹ̀, mẹ́wàá ni mo fún un nínú mẹ́wàá, iye gidi sì ni mo kọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní yẹ̀,
Adékànmí.