Ilé Tí Wọ́n Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀ Láti Òrùlé

                                                  Òkè Ṣọ́ọ̀bù Ìránṣọ,
                                                  Ẹ̀yìn Ilé Ìlagi.
                                                  Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta.

Kòríkòsùn mi, Láyà tèmi,

Ṣé àlàáfíà ni ìwé yìí bá yín? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí àbúrò tó ní òun ò ní jẹ ẹ̀wà mọ́ títí òun á fi wọlé ọkọ? Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń já òwú? Ilẹ̀kùn ilé ìdáná yín ńkọ́, tí ọkọ rẹ ránṣẹ́ pé ó tún ti há? Baba àwọn ọmọ mi ní ilẹ̀kùn yín ń dàgbà bí ọmọdé ni. Mo ní kí n kọ́kọ́ béèrè gbogbo wọn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, torí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tèmi, mi ò mọ̀ bóyá màá tún rántí kí ẹnikẹ́ni. Àwa náà wà, à ń jẹ, à ń mu, à ń sùn. Rárá, irọ́ ni mo pa. Àwọn yòókù ń sùn. Èmi ni oorun ti kọ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí, ọ̀rẹ́ mi. Mo mọ̀ pé wàá rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo fò sẹ́yìn ọ̀gá tó kọ́ wa ní aṣọ rírán, tí ọ̀gá sì sọ mí ní Ojo, tó sọ ìwọ tí o jókòó ti ẹ̀rọ náà tí o ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ní Láyà, o ò tíì fi mí rẹ́rìn-ín tán. Mo lè pè ọ́ lórí fóònù o. Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi, tí mo bá ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ báyìí, màá gbà pé kò sí nǹkan kan, màá sì gbé fóònù sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé bírò.

Ọ̀rọ̀ ilé ni. Onílé wa ti ń fi ojú wọn yàrá wa láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti gbéyàwó, o sì mọ̀. Ó sọ ọ́ jáde nígbẹ̀yìn. Ó jókòó sórí àga wa, ó jẹun, ó yin ọbẹ̀ mi, ó nu ẹnu, ó wá ní kí a jọ̀ọ́ kó jáde kí ọdún tó parí. Ọbẹ̀ tí mo fi ata sí dáadáa nítorí rẹ̀! Mo rò pé baba àwọn ọmọ máa bínú. Kò bínú. Ó ní ó tó àkókò, kí a lọ kọ́ ilé sórí ilẹ̀ wa nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú àgbàrá. Ìwọ náà ti bá mi débẹ̀, o ní atẹ́gùn ibẹ̀ dára.

Bí a ṣe jókòó láti ṣírò owó ilé nìyẹn o. Ìwọ náà mọ ọkùnrin yìí, káfíńtà ni láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra ni ó ti ń to pákó jọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń fi páànù bò ó, ó ń lé ikán kúrò nídìí rẹ̀ bí ẹni ń lé olè. Bí mo bá bi í, á ní òrùlé òun nìyẹn. Ibi tí ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn. Ó ṣírò igi òrùlé. Ó ṣírò páànù, èyí tó nípọn tó sì láwọ̀. Ó bọ́ sí àjà, ó bọ́ sí àwọn ilẹ̀kùn tí òun fúnra rẹ̀ máa gbẹ́ ododo sí lára, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí fèrèsé, sí ògiri. Nígbà tó fi máa kan ìpìlẹ̀, owó ti tán lára wa. Èérún tó kù ló gbọ̀n fún ìpìlẹ̀. Mo ní, Baba wọn, ṣé kì í ṣe ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́lé ni? Ó ní ṣé ìsàlẹ̀ ni òjò ti ń rọ̀ ni?

Mo rẹ́rìn-ín, kí n má purọ́. Ẹni tó ra bọ́tìnnì kó tó ra aṣọ nìyẹn, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín.

Ó ní a ò ní gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe kankan. Bíríkìlà méjì tó mọ̀, àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ lórí iṣẹ́, ó parí. Pé káfíńtà tó bá sanwó fún ẹlòmíràn kó wá bá òun kọ́lé, kí ló fẹ́ sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀? Mo sọ fún un pé bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kì í gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ó ní òun kì í ṣe ọ̀bẹ. Nígbà tí mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀, ó mú ilé rẹ jáde. Ṣé agbaṣẹ́ṣe ló kọ́ ilé Láyà ni? Ṣé bíríkìlà méjì kọ́ ni? Ṣé ilé náà ò dúró ni? Ilé rẹ yìí ló fi ń pa mí lẹ́nu mọ́ lójoojúmọ́, ọ̀rẹ́ mi.

Ìyá baba àwọn ọmọ tiẹ̀ ti yan yàrá tirẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, lápá ibi àgbàrá, ni àwọn fẹ́, pé ibẹ̀ tutù. Wọ́n gbàdúrà pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn ti inú ilé ọmọ àwọn lọ sọ́run. Gbogbo wa ṣe àmín. Èmi ni mo ṣe tèmi kẹ́yìn.

Mo bẹ baba àwọn ọmọ títí ó fi gbà pé kí agbaṣẹ́ṣe kan kàn wá wo ilẹ̀ náà, pé wíwò kì í ṣe rírà. Ọkùnrin náà dé, lọ́fínńdà rẹ̀ ti kọ́kọ́ kí wa kí òun tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Bàtà rẹ̀ ń dán bíi dígí. Baba wọn sọ ọ́ ní Má-tẹ-ẹrẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ní ilé wo lẹni tí bàtà rẹ̀ mọ́ báyìí kọ́ rí? Èmi náà ò fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mú ọ̀pá irin kan jáde lẹ́yìn mọ́tò, ó gbé e lé ilẹ̀ wa, ó tẹ̀ ẹ́. Kò lù ú o. Ó kàn tẹ̀ ẹ́ ni, ọ̀pá náà wọlé bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọ aṣọ. Nígbà tó fà á jáde, ẹrẹ̀ dúdú àti ọ̀rá jíjẹrà ló bá a jáde. Ó ní omi ló dúró síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n fi pàǹtí dí i, wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ lé e, wọ́n tà á fún wa.

Ó ní kí a gbẹ́ ìpìlẹ̀ náà jìn, kí a fi irin àti kọnkéré kún un. Mo bi í pé bí a ò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ńkọ́. Ó wo ojú mi, ó ní, "Ìyá, ilé kì í ṣàdédé wó. Ó máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ilẹ̀kùn tó ń tì tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ẹ máa rò pé igi ló wú, ẹ máa fá a. Á tún há. Lẹ́yìn náà ni ògiri á là. Ìlà tó bá jẹ́ ojú sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri nìkan, kò ní kí ẹ má sùn. Ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn ìta bá ti ń gba ibẹ̀ wọlé, ẹ má sùn síbẹ̀ mọ́."

Lẹ́yìn náà ló wá pe owó. Mi ò ní kọ ọ́ síbí kí ìwọ náà má baà ṣubú. Ó gbé gbogbo òrùlé wa mì, ó ṣì ń wo ojú wa. Ọkùnrin náà ní bí owó wa kò bá tó, kí a ta pákó.

Kí a ta pákó! Bí a ṣe délé, baba wọn ní ẹ̀rù ni ọkùnrin yẹn ń tà, pé ẹni tó ń ta agboòrùn ló máa ń sọ pé òjò ń bọ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́. Àbí o ò rí ìyá alágbàfọ̀ ìkóríta wa ni? Agbaṣẹ́ṣe ló gba gbogbo owó rẹ̀, ó kọ́ ilé náà dé ojú fèrèsé, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ewúrẹ́ ló ń gbé inú pálọ̀ rẹ̀ báyìí. Orí àwọn irin tó yọ sókè lára ògiri ló ń sá aṣọ oníbàárà sí. Mo ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀rù agbaṣẹ́ṣe á bà mí. Bí mo bá dé ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún tí mo rí ilẹ̀ wa, ẹ̀rù àìní agbaṣẹ́ṣe á tún bà mí. Mi ò mọ èyí tí ǹ bá gbé.

A jà díẹ̀. Kì í ṣe ìjà ariwo. Ó ní kí n má jẹ́ kí àlejò dá sí àárín wa, pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ, bó ṣe yẹ kí ọkọ sọ ọ́ náà ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bó ti pe ògiri, kì í ṣe òun ni mo ń gbọ́ mọ́. Yàrá àwọn ọmọ rẹ ni mo rí.

Láyà, o rántí ọjọ́ tí mo wá kí ọkọ rẹ nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, tí a jọ ń ṣẹ́ etí aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ lórí bẹ́ẹ̀dì wọn? Píìnì bọ́ lọ́wọ́ mi, ó yí wọ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ńlá yẹn. Mo na ọwọ́ síbẹ̀ láti mú un, atẹ́gùn fẹ́ sí mi níka. Fèrèsé wà ní títì. O sì kígbe pé kí n fi píìnì sílẹ̀. Ìwọ! Àwa tí ọ̀gá wa kì í jẹ́ ká lọ sílé bí píìnì kan bá wà nílẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ ọmọdé. Ìwọ lo máa ń kúnlẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀ títí wàá fi rí i. Aránṣọ wo ló ń fi píìnì sílẹ̀ ní yàrá tí ọmọ rẹ̀ ti ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn? Mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé nǹkan kan wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù yẹn tí o bẹ̀rù ju píìnì lọ. Mi ò kàn mọ ohun tó jẹ́ ni. Mo ti wá mọ̀ ọ́n báyìí.

Mi ò fẹ́ dójú tì ọ́. Mo mọ ohun tí ẹ fi kọ́ ilé náà. Mo mọ bí o ṣe ń rìn káàkiri inú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ kó wọ ibẹ̀, tí o ń fọwọ́ kan ògiri kọ̀ọ̀kan, tí o ní kò sẹ́ni tó máa lé ẹ jáde mọ́ láyé. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ sọ pé irú ilé bẹ́ẹ̀ ti ń là? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́ ni, ọ̀rẹ́ mi.

Nígbà tí mo jókòó láti kọ ìwé yìí, ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ ni pé kí o sọ òótọ́ fún baba àwọn ọmọ mi. Ó ní òun á ta pákó bí Láyà bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé agbaṣẹ́ṣe pọn dandan, pé tèmi ò tó nǹkan, torí èmi máa ń bẹ̀rù òjìji. Mo ti kọ ìwé dé ìhín kí n tó rí i pé ẹ̀rù ilé tèmi kọ́ ló ń bà mí. Ilé tí a ò tíì kọ́ ò lè wó lu ẹnikẹ́ni. Tìrẹ ni ọmọ ń sùn nínú rẹ̀.

Nítorí náà, má wulẹ̀ kọ èsì. Kó ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Yàrá wa ò ju méjì lọ, onílé wa á sì wò wá títí ojú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Kó máa wò. Ẹní wà, ẹ̀wà wà fún ẹni tó bá ṣì ń jẹ ẹ́. Bá mi kí ọkọ rẹ, sọ fún un pé kí ó má fi ẹsẹ̀ yẹn gbé ẹrù. Bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra, kí wọ́n tó sùn lónìí ni kí o sì gbé bẹ́ẹ̀dì wọn kúrò nídìí ògiri yẹn.

Baba àwọn ọmọ ló mú ìwé yìí wá. Mo fi òwú rán ẹnu ìwé náà pa, kó má baà kà á. Ìfági rẹ̀ wà nínú àpò, ó rò pé ilẹ̀kùn yín lòun tún fẹ́ wá fá. Má ṣe mú un lọ sídìí ilẹ̀kùn, mo bẹ̀ ọ́. Mú un wọ yàrá àwọn ọmọ. Ẹ jọ sún kọ́bọ́ọ̀dù náà, kí o fi ọwọ́ rẹ̀ sí ojú ìlà náà, kí o sì fi í síbẹ̀ títí atẹ́gùn á fi bá a sọ̀rọ̀.

Èmi ni tìrẹ, nínú ẹ̀rín àti nínú ẹ̀rù,

Ojo.