Mo Bá Ọ Lọ Ṣe Àyẹ̀wò Náà

Sọ̀fíyàt ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó wà pẹ̀lú rẹ l'Ékòó, tọkọtọkọ, tọmọtọmọ. Gbogbo wa ní Ìgbòho ń bẹ láyé. Òjò ti dé, èso ẹmi tí a fi ń ṣe òrí ti ń já bọ́, orúnkún bàbá rẹ ṣì ń dùn ún ṣùgbọ́n ó ń lọ sóko.

Láti ọjọ́ tí o ti sọ lórí fóònù pé wọ́n yẹ ọrùn ilé ọmọ rẹ wò, tí wọ́n ní nǹkan díẹ̀ ti yí padà níbẹ̀, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Èyí tó já mi láyà jù ni pé wọ́n ní kí o padà wá ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, o ní o ò lọ, pé ohun tó kéré kì í ṣe nǹkan kan. Ìwọ tí mo rán níléèwé.

Mo bá rò ó pé nígbà tí bàbá rẹ kò lè dé kánsù, ṣebí Ràsáàkì àbúrò rẹ̀ ló mú fótò rẹ̀ lọ, tí wọ́n sì kó ajílẹ̀ fún un. Ni mo bá wẹ̀, mo mú fótò ìgbéyàwó rẹ, mo gun ọ̀kadà lọ sí ọsibítù, mo ní mo wá ṣe àyẹ̀wò Sọ̀fíyàt. Inú mi ṣáà lo ti wá. Bí tèmi bá mọ́, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ lórí fóònù sí dókítà Èkó, kó fi rọ́pò tìrẹ. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, Àyìnkẹ́ ọmọ Ládòkun, wo fótò, ó wo ojú mi, ó ní wọn kì í báni ṣe irú eléyìí, àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí mo ti dé, kí n gun bẹ́ẹ̀dì kí òun ṣe tèmi. Mo bí ọmọ mẹ́fà, ẹnì kankan kò tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀ rí. Kò dùn mí, ojú ló tì mí.

Èsì dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Sọ̀fíyàt, tèmi náà ti yí padà díẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọsibítù. Àyìnkẹ́ ní kí n fọkàn balẹ̀, kì í ṣe jẹjẹrẹ, pé lára ọ̀pọ̀ obìnrin ó máa ń lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè mọ ara ẹni tí kò ti ní lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní ká padà wá. Ó ní kí èmi lọ sí Ìbàdàn, kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó. Mo ní mi ò lọ. Ó béèrè ìdí, mo ní ọmọ mi tó kàwé ní ohun tó kéré kì í ṣe nǹkan kan.

Bàbá rẹ bínú títí, mi ò yí ohùn padà. Ọjọ́ tí o bá dé ọsibítù Èkó, tí o pè mí kí n gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì ibẹ̀, ọjọ́ náà ni màá wọ mọ́tò Ìbàdàn. Kí o fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ lẹ́yìn tí o bá ti lọ, nítorí bí o bá kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́, iyọ̀ ni màá fi rà.

Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí n fojú sunkún rẹ. Ìwọ lo máa sin mí, èmi kò ní sin ọ́. Àmọ́ má jẹ̀ẹ́ kí ọjọ́ náà tètè yá.

Èmi ìyá rẹ,
Àsíátù