Ìyá Tí Mo Fún Báǹkì Nítorí Ẹ́ńjìnnì

Winarsih, nduk, ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n sọ ohun tó ti há mi lọ́fun láti ìgbà òjò: èmi kọ́ ni mò ń wúkọ́. Ọkọ̀ ni. Nígbà tí mo sọ fún ọ lórí fóònù pé àyà ń dún, pé bí a bá ti ń gun òkè mímí á máa há, pé nǹkan dúdú ń tẹ̀ lé ikọ́ náà jáde láràárọ̀, òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, mo kàn gbàgbé láti dárúkọ ẹni tó ń ṣe ni. Ìwọ náà ò sì béèrè. Kí n tó pa fóònù o ti fi ìgò oògùn ikọ́ mẹ́rin ránṣẹ́ láti ilé oògùn tí o ti ń ṣiṣẹ́, ojú wá ń tì mí. Ìyá rẹ ń fi ṣíbí bù ú fún mi láràárọ̀, ó ní owó ọmọ òun ò gbọdọ̀ ṣòfò. Ó dùn. N kò wúkọ́ láti ìgbà náà, bí n kò ṣe wúkọ́ ṣáájú rẹ̀.

Ó ti kúrò lọ́fun mi báyìí, mo lè kí ọ bó ṣe yẹ. Ṣé ara le ní Surabaya? Ooru ibẹ̀ ńkọ́? Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà tó ń gba ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kí ọ̀gá rẹ má wọlé nígbà tí o bá ń tòògbé, kí onílé rẹ sì gbàgbé ọjọ́ tí owó ilé pé. Gbogbo wa wà níbí. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, méjèèjì jọ olórí abúlé. Ìyá rẹ náà wà, àmọ́ inú ń bí i, ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Nípa ti ọkọ̀ akẹ́rù wa. Cak Mukhlis mẹkáníìkì wá wò ó. Ó ní kí n tẹ iná sí i, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu páìpù èéfín, ó wá ń gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra ẹja tí kò dá a lójú. Ó ní ọkọ̀ yìí ò mu dísẹ́ẹ̀lì mọ́, ọ́ìlì ló ń mu, ríǹgì inú rẹ̀ ti jẹ tán, a ní láti sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Mo ní ṣé kò sí oògùn tí a lè dà sí i ni. Ó ní oògùn wà, owó lorúkọ rẹ̀. Mo ní ṣé kò lè fara dà á di ọdún tó ń bọ̀. Ó ní ó lè fara dà á, ṣùgbọ́n ojú kan ni yóò ti máa fara dà á.

Ìwọ náà sì mọ bí ọ̀rọ̀ wa ṣe rí. Òpin oṣù yìí ni ilé iṣẹ́ ṣúgà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ìrèké. Ọkọ̀ tí kò bá tò sí ẹnu ọ̀nà wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á gbé àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn, ẹni tó bá sì ti gba àyè níbẹ̀, ikú ló ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí ni owó ilé ìwé rẹ ti jáde. Bí kò bá ru ìrèké lọ́dún yìí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé a ti di àgbẹ̀ tó ń wo ìrèké ẹlòmíràn.

Nítorí náà a ń múra, n kò sì lè jókòó lójú kan. Mo ti gé ọparun ńlá mẹ́ta, mo dè wọ́n pọ̀ lórí, ibẹ̀ ni a ó fi ṣéènì kọ́ ẹ́ńjìnnì sí. Cak ní kí n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ mọ́, pé yanrìn inú ẹ́ńjìnnì tí a tú dà bí yanrìn ojú. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ha abẹ́ rẹ̀, mo ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìyá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà ìdáná, ó ní láti ìgbà tí òun ti wọlé ọkọ, ẹnikẹ́ni ò fọ ẹ̀yìn òun báyìí rí. Cak tún ní òun fẹ́ abọ́ tí a ó máa kó nọ́ọ̀tì sí, ti apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Mo kó abọ́ tí ìyá rẹ fi pa mọ́ fún ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Ìyẹn kọ́ ló ń bí i nínú o, ìyẹn kàn ṣí ọ̀nà fún un ni.

Cak ní kí n fi fóònù ya fọ́tò gbogbo wáyà àti páìpù kí a tó tú u, kí a lè mọ ibi tí kálukú ti wá. Mo wẹ̀, mo wọ ẹ̀wù bàtíìkì tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí o gba ìwé ẹ̀rí, mo dúró ti ẹ́ńjìnnì níwájú, lẹ́yìn, lọ́tùn-ún, lósì, ìyá rẹ ń yà á. Nígbà tí Cak wò ó, ó gbé fóònù sún mọ́ ojú. Ó wá ní Pak Ngadiran, ẹ dára nínú gbogbo rẹ̀, àmọ́ n kò rí wáyà kan ṣoṣo, ṣé inú ikùn yín ni kí n so ó padà sí? Mo ní ta ni í ya fọ́tò tí kì í dúró sí i? Mo ti fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ọ. Ọrùn mi tín-ín-rín díẹ̀ níbẹ̀, má jẹ́ kó bà ọ́ lẹ́rù.

Ó wá ku owó. Mo gbé ìwé ọkọ̀ lọ sí báǹkì láti yá a. Ọmọbìnrin kan tó mọ́ tónítóní jókòó síbẹ̀. Ó béèrè orúkọ mi, mo dáhùn. Ó béèrè ọjọ́ tí wọ́n bí mi, mo dáhùn. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí lorúkọ ìyá tó bí yín lọ́mọ? Nduk, mo fa ìwé ọkọ̀ mọ́ra. Kí ni báǹkì fẹ́ fi orúkọ ìyá mi ṣe? Ṣé òun ló fẹ́ tún ọkọ̀ ṣe ni? Ní abúlé wa níbí, ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ sí ènìyàn lójú oorun ló ń béèrè orúkọ ìyá. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo wá dá a lóhùn pé Saginem.

Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá ìyá rẹ. Ara màmá le. Ohunkóhun tí wọ́n bá rán sí i, yóò pa á jẹ ni.

Ìjẹta ni báǹkì pè. Ọmọbìnrin náà ní ìwé ìdílé wa tí mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ò pe ìyá mi ní Saginem, kí n jọ̀wọ́ sọ ẹni tó jẹ́. Mo ní ẹni tí mo sọ náà ni, ó ń bó àlùbọ́sà lẹ́yìnkùlé báyìí. Àṣé ìyá rẹ ti dúró lẹ́yìn mi. Ó já fóònù gbà, ó ní ìyá tòun ni Saginem. Ọmọbìnrin náà wá rọra béèrè pé ṣé ìyá kan náà ló bí ẹ̀yin àti ọkọ yín ni. Ìyá rẹ pa fóònù. Láti ọjọ́ náà, báǹkì ò yá wa lówó, ìyá rẹ ò sì bu ìrẹsì fún mi. Báǹkì ní àfi kí n wá sọ ọ́ fúnra mi.

Màmá ní tirẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ òpó. Ó ní ọmọ méje lòun bí, òun mọ ojú gbogbo wọn, kò sí èyí tó burẹ́wà tó báyìí nínú wọn. Ó ní òun á tẹ̀ lé mi lọ láti kọ̀ mí lójú gbogbo ayé, bí mo bá ti lè ra ọbẹ̀ bakso fún òun lójú ọ̀nà.

Ìyá rẹ ló bi mí lánàá pé kí ló ṣòro nínú kí n dárúkọ ìyá mi. Ìwọ ni mo fẹ́ sọ fún. N kò dárúkọ rẹ̀ rí láyé mi. Mbok ni mò ń pè é, Mbok náà ni mo pè é nígbà tí a ń kó yẹ̀pẹ̀ bò ó. Kò jẹ gbèsè ẹnikẹ́ni rí títí ó fi lọ. Mo rò pé bí mo bá fi orúkọ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà wọn, ọjọ́ tí owó bá pé tí n kò rí i san, òun ni wọn ó máa pè. Bóyá ìwà òmùgọ̀ ni. Ìwọ tó kàwé jù mí lọ, ìwọ ni kí o sọ.

Bí báǹkì bá tilẹ̀ gbà, owó wọn kò lè tó ríǹgì àti gásíkẹ́ẹ̀tì pọ̀. Jọ̀wọ́, wá ohun tí ọwọ́ rẹ bá tó fi kún un, fi ti adìẹ kan sí i, kí a lè pe àwọn aládùúgbò jẹun kí ẹ́ńjìnnì tó sọ̀ kalẹ̀, kò dáa kí a tú àgbàlagbà láìfún ẹnikẹ́ni lóúnjẹ. Má fi oògùn ránṣẹ́ mọ́. Ọlọ́run yóò bù kún ọ, ọwọ́ rẹ kò ní gbẹ, ọkọ tí o bá fẹ́ kò ní máa mu ọ́ìlì. Èmi ni bàbá rẹ, Ngadiran.

Lọ́la, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, màá gbé màmá sẹ́yìn ọ̀kadà Cak Mukhlis, a ó lọ sí báǹkì, màá dúró níwájú ọmọbìnrin ẹlẹ́rìn-ín yẹn, màá sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn gbọ́ pé Kasiyem ló bí mi.